Ìsọ̀ Bàbá Aláago

Ọkùnrin kan gbé ìlú kan tí ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró sí láyé ọjọ́un, ó sì fẹ́ràn ohun àtijọ́ bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran. Páálí ìṣáná lòun alára ń kó jọ: èyí tí wọ́n ya ẹyẹ sí, èyí tí wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi sí, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń tan àtùpà kí iná mànàmáná tó dé. Abẹ́ ibùsùn ló ń kó wọn sí. Ìyàwó rẹ̀ rojọ́ títí, ó sú u. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi rí i pé òun nìkan kọ́ ni àrùn yìí ń ṣe. Ó rí ẹni tó ń kó sítáǹpù jọ, ó rí ẹni tó ń kó rédíò àtijọ́, ó rí ẹni tó ń kó ìgò, àní ìgò lásán. Wọ́n di ẹgbẹ́, wọ́n sì fi í ṣe alága. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti lọ sinmi, wọ́n a pàtẹ gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ sínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, gbogbo ìlú a sì wá wò ó.

Fọlárìn, o wá fi ẹjọ́ ilé rẹ sùn mí. Màá dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti alága yìí tán.

Pínpín ìsọ̀ ló le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá rò pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, a jẹ́ pé o ò tíì pín nǹkan kan fún àwọn àgbàlagbà rí. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò rí ẹnu ọ̀nà gbà a ní wọ́n kórìíra òun, ẹni tó rí i gbà a ní ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun fẹ̀ ju tòun lọ. Alága yìí kì í sì í ṣe ẹni tí ń gba adìẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é lóore. Ó jókòó, ó ro ó, ó wá pín ìsọ̀ bí wọ́n ṣe ń pín ẹran nínú ẹbí: ẹni tó dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ mú. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sílẹ̀ gbọ̀ngàn, àwọn àgbà a wà níwájú, àwọn ọmọdé a wà lẹ́yìn. Gbogbo wọn pa ẹnu mọ́, nítorí ta ni yóò bá ọjọ́ ìbí jà?

Ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní Bàbá Aláago. Ìdí ẹ̀rọ rélùwéè ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Aago ló ń kó jọ: aago ara ògiri tí ìrù rẹ̀ ń jù síwá sẹ́yìn, aago àpò tó ní ẹ̀wọ̀n, aago orí tábìlì tó ń lu agogo bí wákàtí bá pé. Ká sọ òótọ́, wọn ò lẹ́wà púpọ̀, òmíràn nínú wọn ti dípẹtà. Ohùn wọn ni Bàbá fẹ́ràn. Bí o bá lọ kí i nílé, yóò ní kí o gbé etí lé ọ̀kan, kí o tún gbé etí lé èkejì. Yóò ní, "Ṣé o gbọ́? Èyí ń rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Èyí ní tirẹ̀, ó ti jẹun yó." Yóò wá rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. Aago kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n tọ́jú. Ó fẹ́ rí ẹni tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ òun kí òun tó di ẹni tí kò lè yí kọ́kọ́rọ́ wọn mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, fóònù ni wọ́n fi ń wo àkókò, wọn ò sì ṣẹ̀. Kì í ṣe olówó tí yóò rà wọ́n ni Bàbá ń wá. Ẹni tí yóò gbọ́ wọn ló ń wá. Ibi ìpàtẹ yẹn nìkan ló sì mọ̀ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbà kọjá.

Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ wọn níbẹ̀ rí. Ìsọ̀ iwájú tí alága ń fún Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, níwájú pèpéle tí atọ́kùn ètò ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tó ga tó èmi àti ìwọ. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé. Bí atọ́kùn bá ti ké pé, "Ẹ káàbọ̀ o!", gbogbo aago Bàbá a ya odi. Àwọn èrò a dé, wọ́n a wo àwọn aago náà, wọ́n a kí Bàbá kú ọlá, wọ́n a kọjá lọ sọ́dọ̀ onírédíò.

Lọ́dún kan, nígbà tí ìpàtẹ ku ọ̀la ku ọ̀túnla, Bàbá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Rántí, èyí ni mo máa lọ mọ. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbọ́ wọn lọ́tẹ̀ yìí, màá jẹ́ kí onírin àlòkù tó ń yọjú síbí kó wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Idẹ ara àwọn aago náà ni onírin àlòkù ń wò. Ìyẹn yóò yọ́ wọn ni. Ìyá náà mọ̀, Bàbá náà mọ̀.

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, Bàbá Rántí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ sọ fún alága pé kó wá ibòmíràn fún yín."

"Kí n sọ kí ni fún un? Ọmọ ọlọ́mọ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ayé, á fà mí lọ́wọ́ lọ síbi ọlá, kí n wá ní mi ò fẹ́? Ẹni tó fún èèyàn ní àga ọlá, a kì í sọ fún un pé àga náà ń gúnni nídìí."

Ìyá náà ò bá a jiyàn mọ́. Ó rọra ń fi òwú nu àwọn aago náà.

Wàyí o, má rò pé afọ́jú ni alága. Ó ti ń rí i pé lọ́dọọdún, kí ètò tó dé ìdajì, Bàbá Aláago á ti máa palẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ a sì rẹ̀wẹ̀sì. Èyí dun alága púpọ̀, nítorí ó fẹ́ràn bàbá náà dọ́kàn. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ọlá tí mo ń bù fún un ni ò tó." Ló bá lọ yá àga onítìmùtìmù. Ó ra aṣọ tí wọn yóò tẹ́ sórí tábìlì. Kí ọ̀rọ̀ atọ́kùn lè máa dé etí Bàbá dáadáa, ó ní kí wọ́n gbé gbohùngbohùn kejì wá, kí wọ́n sì kọ ẹnu rẹ̀ sí ìsọ̀ Bàbá. Ọbẹ̀ ti níyọ̀ jù, ó tún ń bu iyọ̀ sí i, inú rẹ̀ sì mọ́ bí aṣọ àlà. Mo bẹ̀ ọ́, má fi í rẹ́rìn-ín. Irú wa ni.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Alága ti fa ilà tán, ó ti tẹ́ aṣọ, ó ti gbọn tìmùtìmù. Ló bá di pé olóyè kan dé láti ìlú kejì, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni olóyè ń kó jọ, ó ti gbọ́ òkìkí ìpàtẹ náà, ó ní òun náà á pàtẹ. Kò ránṣẹ́ ṣáájú. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó wo gbogbo gbọ̀ngàn, ó rí àga onítìmùtìmù, ó lọ síbẹ̀ tààrà, ó sì jókòó. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ti mọ̀ pé mò ń bọ̀." Àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀pá.

Òógùn bo alága. Ta ni yóò ní kí olóyè dìde? Bó ṣe ń ro ìyẹn lọ́wọ́ ni ó rí Bàbá Aláago àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́nu géètì, tí ẹnì kan ń bá wọn ti àwọn aago nínú ọmọlanke, wọ́n fi aṣọ wé wọn bí ìkókó. Alága sáré pàdé wọn, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Bàbá, ẹ fojú àánú wò mí. Olóyè ti jókòó síbi tiyín. Gbogbo ìsọ̀ ti kún. Ibi kan ṣoṣo tó ṣófo ni... Bàbá, ẹnu mi ò gbà á sọ."

"Dìde, o ti ba aṣọ rẹ jẹ́," ni Bàbá wí. "Ibo ló ṣófo?"

"Kíláàsì àwọn jẹ́léósinmi ni. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́yìn igi máńgòrò. A kó bẹ́ńṣì síbẹ̀ ni. Ẹ jókòó sábẹ́ igi ná, Bàbá, màá lọ bẹ olóyè."

Bàbá ní kí wọ́n mú òun lọ sí kíláàsì náà.

Ilé àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó apá méjì. Bí wọ́n ti wọlé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ariwo gbọ̀ngàn dín kù títí ó fi dà bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò mìíràn. Kò sí àga gidi níbẹ̀. Àga àwọn ọmọ kéékèèké ni Bàbá fìdí lé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó gbé àwọn aago kọ́, ó to ìyókù sórí bẹ́ńṣì, ìyàwó rẹ̀ bá a yí kọ́kọ́rọ́ wọn. Àwọn aago bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ yọjú kò wá wo aago. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ni, tí ariwo gbohùngbohùn ti kó sí lórí.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fara pamọ́ síbí díẹ̀, orí ń fọ́ mi."

"Wọlé, ọmọ mi," ni Ìyá wí.

Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, láìlajú, "Bàbá, ọ̀kan nínú wọn ń fo."

"Ọ̀kan nínú kí ni?"

"Nínú àwọn aago yín. Á máa lọ, á máa lọ, á wá fo ẹyọ kan. Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Bàbá kàn fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn júwe àwọn aago fún un. Obìnrin náà dìde, ó ń gbé etí lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọjá àwọn ńlá, ó kọjá èyí tó ń lu agogo, títí ó fi dé ìdí aago àpò kékeré kan tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti já. Ó ní, "Èyí nìyí. Òun ló ń fo."

Òun náà ni. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti ra aago yẹn ló ti ń fo, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ta ló kọ́ ọ ní gbígbọ́?"

"Bàbá, ikùn aboyún ni mò ń gbé etí lé lójoojúmọ́. Bí ọmọ inú bá fo báyìí, oorun ò ní kùn mí." Ó tún gbé aago náà sétí. "Ṣé wọ́n lè tún un ṣe?"

"Bí a bá rí ọwọ́ tó dúró dáadáa."

Obìnrin náà wo ọwọ́ Bàbá, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "N kì í sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé mo lè máa wá?"

Báyìí ni Bàbá Aláago ṣe rí ẹni tó ń wá. Ìyá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ṣe bí ẹni ń to bẹ́ńṣì, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà jáde lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gbọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe ọkọ rẹ̀. Àwọn tí ariwo ti sú náà ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Láìpẹ́, kíláàsì jẹ́léósinmi kún fún àwọn àgbàlagbà tó jókòó sórí àga ọmọdé, tí wọ́n di ojú, tí wọ́n ń gbọ́ aago.

Ní gbogbo àkókò yìí, alága wà níwájú olóyè. Ó bẹ̀ ẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ tútù yọ obì lápò rẹ̀, olóyè sì gbà láti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Alága sáré wá, ó ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì gbàràgàdà, ó ké pé, "Bàbá! Ó ti bọ́ sí i! Ẹ máa bọ̀ níwájú!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ yíjú sí i, wọ́n fi ìka lé ètè. Bàbá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ìyá ló dìde, ó mú alága lápá, ó fà á jáde sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ọmọ mi, fi ọkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀."

"Mà, níbi ìkẹ́rùsí? Kí ni aráyé máa wí? Wọ́n á ní mo kó àgbà ẹgbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé."

"Ṣé aráyé lo ń pín ìsọ̀ fún ni, àbí Bàbá? Láti ìgbà tí o ti ń bọlá fún un, o ò bi í rí pé kí ni àwọn aago rẹ̀ ń fẹ́. Ibi tó dákẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Ìwọ sì ń gbé wọn sábẹ́ gbohùngbohùn. Lọ́dún yìí, méjì lo gbé wá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ alága lára. Ó ní, "Mà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹni tí o bá dọ̀bálẹ̀ fún, o ti pa á lẹ́nu mọ́. Ìwọ ló yẹ kó bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà."

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọkùnrin yẹn ni pé kò bínú. Ó padà sínú gbọ̀ngàn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ kìíní, ó ń bi wọ́n léèrè. Ìyàlẹ́nu pọ̀. Ìyá onísítáǹpù, tí alága gbé sábẹ́ fáànù nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ti fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì tẹ sítáǹpù mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ kí wọ́n má baà fò lọ, kò lè jẹun, kò lè nu imú. Onígò tó wà ní ìsọ̀ ọlá kejì ń wá oòrùn tí yóò tàn gba inú ìgò rẹ̀ kọjá. Bàbá kan tiẹ̀ wà tí kò fẹ́ nǹkan kan ju kó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, ọjọ́ orí ló là wọ́n níyà. Olóyè alára, nígbà tí wọ́n bi í, ní òun ìbá fẹ́ ìta gbangba, kí ènìyàn lè fi ọ̀pá òun rìn wò. Alága pa gbogbo ilà ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì tún ìsọ̀ tò lójú èrò, pẹ̀lú ẹ̀rín. Láti ọdún yẹn, kì í fa ilà kankan kó tó dé ilé ẹni tó fẹ́ pàtẹ.

Mo ti sọ ti alága tán, Fọlárìn. Ó ku tìrẹ.

O ní ìyá rẹ ò mọ oore. O ní o gbé e kúrò nínú ilé alámọ̀, o fi í sí yàrá òkè tó dára jù nínú ilé rẹ, o gbé tẹlifíṣàn sí i, o fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, o gba ọmọ ọ̀dọ̀ tì í, síbẹ̀ ó ń rù, kì í sọ̀rọ̀, ó sì ń béèrè ìgbà tí yóò padà sílé. Gbogbo ohun tí o ṣe dára. Inú mi dùn sí ọ, mo sì ń fi ọ́ yangàn. Ṣùgbọ́n mo wá kí i lọ́jọ́sí, mo sì yọjú ní fèrèsé yàrá náà. Ògiri ilé kejì ló kọjú sí. Obìnrin tó ti jókòó sójú títì láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, tó ń bó ẹ̀gúsí, tó ń kí ẹni tó ń lọ, tó ń bú ọmọ tó ń sá nílé ìwé! O gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gba iwájú rẹ̀ kọjá láé. Ọlá lo bù fún un. Ṣé o bi í?

Lọ sílé. Jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kí o bi í níbi tó fẹ́ kí àga òun wà. Yóò wò ọ́, yóò fọwọ́ pa ọ́ lórí, yóò ní, "Ibí tẹ́ mi lọ́rùn, ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣe tìrẹ náà fún ọ." Má dìde o. Ìyá ni, kò fẹ́ kó dùn ọ́ ni. Tún bi í.